Ó Mọ Ohun Tó Ń Ṣe Ọkọ̀ Tíṣà, Ó Dákẹ́

Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkèèrè ń sọ pé obìnrin ló kó bá Ọwọ́ẹ̀rọ̀. Irọ́ ni. Ife tíì ló kó bá a.

Mẹkáníìkì ni. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ọwọ́ẹ̀rọ̀. Àwọn kan ní torí ẹ̀rọ tó ń tún ṣe ni, àwọn kan ní rárá o, torí ẹ̀rọ̀ ni, nítorí kò sí ọkọ̀ tó ń ya wèrè tí ọwọ́ ọkùnrin náà bá kàn án tí kì í rọ̀ wọ̀ọ̀. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù tó wà nísàlẹ̀ òkè. Ẹ̀gbọ́n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níwájú, àbúrò ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn. Ìyàwó tó fẹ́ nígbà kan ti kó ẹrù rẹ̀ lọ tipẹ́. Ó ní òun ò lè máa bá ẹ́ńjìnnì jowú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú débi pé omi dì mọ́ gíláàsì gbogbo ọkọ̀ bí iyọ̀, fóònù dún ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà, tó ń gbé lórí òkè, ló ń pè.

"Ọ̀gá, ẹ kú àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ mi ò jí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti dé síwájú mi báyìí. Ó kàn ń kérora ṣáá ni. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó gbé fóònù sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ tẹ́tí. *Ọ̀-ùn... ọ̀-ùn... ọ̀...* Bí àgbàlagbà tó fẹ́ dìde lórí àga tí orúnkún ò gbà fún un.

"Ẹ má yí i mọ́, ẹ ó pa bátìrì," ó ní. "Mo ń bọ̀."

Ó gun alùpùpù rẹ̀ gòkè. Nígbà tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kò pẹ́ rárá tó fi rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Bátìrì dáa. Pọ́lọ́ọ̀gì dáa. Wáyà dúdú tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ ló ti dípẹtà nínú awọ rẹ̀. Lásìkò ooru, iná tó ń rá pálá gba inú wáyà náà kọjá tó ọkọ̀ lò. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá ti mú, tí ọ́ìlì ki bí oyin, ẹ́ńjìnnì a béèrè agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wáyà ò sì ní rí i gbé wá. Kí wọ́n pààrọ̀ wáyà, ọ̀rọ̀ tán.

Kò mú irú wáyà bẹ́ẹ̀ dání lọ́jọ́ náà. Ó ha ìpẹtà ẹnu rẹ̀ kúrò, ó fi sípánà dè é pinpin, ó ní kí Tíṣà yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti la ẹnu láti sọ pé, "Ẹ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́la kí n pààrọ̀ wáyà kan," nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ṣí, tí ìyá Tíṣà, àgbàlagbà kan, yọ orí síta pẹ̀lú aṣọ òtútù léjìká.

"Ṣé ẹni tó jí òkú nìyí?" ìyá náà béèrè.

"Òun ni, Màmá," Tíṣà dáhùn.

"Ó yá, wọlé, ọmọ mi. Ẹni tó jí òkú ò gbọdọ̀ kú sínú òtútù. Wá mu nǹkan gbígbóná."

Ilé ìdáná tó wọ̀ kò fẹ̀. Tábìlì kan, àga mẹ́ta tí kò jọra, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lókè sítóòfù, fèrèsé kan tó kọjú sí ibi tí ọkọ̀ wà. Tíì náà gbóná, ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ìyá náà kì í wo ọwọ́ bó bá ń bu ṣúgà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń já lu ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ti jókòó síbi táwọn èèyàn ti ń já lu ara wọn. Ní yàrá tirẹ̀, òun àti rédíò ni, rédíò ni kì í sì í jẹ́ kó sọ tirẹ̀.

Tíṣà gbé báàgì rẹ̀ kọ́rùn. "Ọ̀gá, ó ti tán, àbí? Ó ti sàn?"

Ọkùnrin náà wo ife tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó," ó ní.

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, gbólóhùn yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Kì í ṣe irọ́. Kì í sì í ṣe òótọ́. Láàárín méjèèjì ni ilẹ̀ ti ń yọ̀.

---

Òtútù mú, ọkọ̀ kú, fóònù dún. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gòkè, ó ha ẹnu wáyà, ó dè é, ọkọ̀ jí, ó mu tíì. Ó sọ̀kalẹ̀. Òtútù tún mú.

Ìyá náà sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá ti gbọ́ ariwo alùpùpù, á ti fèrèsé síta: "Ọkọ Mọ́tò ti dé o! Ìyàwó rẹ ò jí láàárọ̀ yìí. Mo kí i títí, ó yíjú sógiri."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Tíṣà á wí, ṣùgbọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á sì máa mì.

Ẹ̀rín tó ń sá pa mọ́ yẹn ni Ọwọ́ẹ̀rọ̀ máa ń gbé sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń rí tàn jẹ. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí lọ́jọ́ kan.

"Àbúrò, ọkọ̀ Tíṣà yìí, kí ló ń ṣe é gan-an?"

"Òtútù ni."

"Òtútù kì í ṣe àrùn. Gbogbo ọkọ̀ ìlú ni òtútù ń mú. Wáyà ni àbí pọ́lọ́ọ̀gì?"

"Mo ń wò ó ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọkọ̀ lò ń wò, àbí Tíṣà?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ tẹ orí ba báàgì iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà tuntun kan yọ, ó jù ú sórí tábìlì rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. "Mú èyí lọ. Bí kì í bá ṣe òun, dá a padà."

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ kó wáyà náà sínú báàgì iṣẹ́. Òun ni. Ó mọ̀ pé òun ni. Látọjọ́ náà, wáyà ń bá a gòkè, wáyà ń bá a sọ̀kalẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n mú lọ síbi àríyá tí wọn ò jẹ́ kó wọlé. Bó bá ń wá sípánà, ọwọ́ rẹ̀ á kan ọ̀rá náà, á sì dún fẹ́ẹ́, á yára fọwọ́ kúrò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Tíṣà fẹ̀yìn ti ara ọkọ̀, ó ká apá mọ́yà.

"Ọ̀gá, ṣé kí n kúkú ta á ni? Mi ò fẹ́ máa yọ yín lẹ́nu báyìí."

Ọkùnrin náà yára gbójú sókè. "Rárá o! Ọkọ̀ gidi ni. Ẹ̀rù òtútù ló kàn ń bà á."

"Ẹ̀rù ń bà á!" Tíṣà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ó ṣáà gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ ni. Èmi àti Màmá nìkan la wà lórí òkè yìí. Bàbá tó wà nílé kejì ò ríran mọ́. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ yìí la ní. Ọkọ̀ yìí àti ẹ̀yin."

Ẹlòmíràn ì bá ti na ọwọ́ sínú báàgì lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbọ́ "àti ẹ̀yin" nìkan. Ọ̀rọ̀ yòókù kọjá létí rẹ̀ bí atẹ́gùn.

Nínú ilé, ìyá náà ń rọ tíì. "Tíṣà ní kí n má gbàdúrà kí mọ́tò yìí máa kú mọ́," ó ní, ó ṣẹ́jú sí i. "Mo ní bó bá wá sàn tán ńkọ́, ta ló máa wá máa bá wa mu tíì?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín ju ti gbogbo wọn lọ.

---

Ohun tí kò rò ni pé òtútù náà máa lọ.

Yìnyín orí òrùlé yọ́. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ́. Ọkọ̀ Tíṣà ń jí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, wáyà tó dípẹtà ń rá pálá gbé iná tó kéré, ìyẹn sì tó. Fóònù ṣọ́ọ̀bù ń dún, kì í ṣe Tíṣà. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ á gbé e lókè, á gbọ́ ohùn ọkùnrin oníbúrẹ́dì tó ń ráhùn nípa bíréèkì, á sì rọ́jú dá a lóhùn.

Ó pàdé Tíṣà nínú ọkọ̀ lójú títì lọ́jọ́ kan. Tíṣà yọ ọwọ́ síta.

"Ọ̀gá! Ó ti sàn o! Ọwọ́ yín dára!"

Ó ju ọwọ́ sí i. Ó dúró sójú títì títí ọkọ̀ náà fi yà ní kọ́nà. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú mẹkáníìkì wo ni kì í dùn bí ọkọ̀ bá ń lọ?

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun òkè láìjẹ́ pé wọ́n pè é.

"Mo ní kí n wá fojú kàn án," ó ní.

"Ọkọ Mọ́tò!" Inú ìyá náà dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ọwọ́ bọ inú omi gbígbóná. "O fẹ́ràn ìyàwó rẹ o. Ó sàn, kò sàn, ò ń wá. Lọ wò ó, kí n rọ tíì."

Tíṣà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá aṣọ. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lóòótọ́, wáyà tuntun ló ní òun ń mú. Ó ti pinnu lójú ọ̀nà: òun á pààrọ̀ rẹ̀ lónìí, òun á wọlé, òun á mu tíì, òun á sì sọ ohun tó wà lọ́kàn òun fún Tíṣà bí ọkùnrin.

Ọwọ́ rẹ̀ kan ọ̀rá. Ọ̀rá dún. Ó wá ń rò ó: bí Tíṣà bá ní rárá ńkọ́? Ọkọ̀ ti sàn, Tíṣà ní rárá, kí ni òun á tún wá máa ṣe lórí òkè?

Sípánà ló jáde.

Ó tú nọ́ọ̀tì tó de wáyà náà díẹ̀. Kò tú u tán o, ó kàn dẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń dẹ ìgbànú lẹ́yìn oúnjẹ. Ó ní òun á padà wá dè é. Lọ́jọ́ yẹn, òun á sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á fi wáyà tuntun sí i, ayé á sì gún. Ọkàn èèyàn nìyẹn: bó bá fẹ́ ṣe ibi, á kọ́kọ́ ṣètò oore tó máa ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, ìyá náà ń wò ó láti ojú fèrèsé. Ó gbé ife sókè, ó fi pè é.

---

Òtútù tí gbogbo èèyàn rò pé ó ti lọ yíjú padà láìkí ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ mọ́, ojú títì ń dán bíi dígí. Kí fóònù tó dún, Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ti fọjú, ó ti ya irun rẹ̀. Nígbà tó dún, ó ń rẹ́rìn-ín gbé e.

"Ọ̀gá, Màmá..."

Ẹ̀rín kú sí i lẹ́nu.

"Ó ń fọ ife. Ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní Màmá, kí ló dé, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lè sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kàn ń fì. Mo ti gbé e sínú ọkọ̀, ọkọ̀ ò jí! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́!"

"Áńbúláǹsì ńkọ́? Ṣé ẹ ti pè wọ́n?"

"Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ pè!"

"Ẹ pè wọ́n! Mo ń bọ̀!"

Ọkọ̀ àwọn oníbàárà tó ti tún ṣe wà ní ṣọ́ọ̀bù, kọ́kọ́rọ́ wọn wà lára ìṣó. Ó lè gbé èyíkéyìí nínú wọn. Kò tilẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó fò sórí alùpùpù. Ní ìdajì òkè, táyà yọ̀, alùpùpù sì dà á sílẹ̀. Ó fi í síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dún, ó gbé báàgì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ó ń ṣubú, ó ń dìde. Kó tó dé ọ̀hún rárá ló ti ń gbọ́ ọ.

*Ọ̀-ùn... ọ̀-ùn... ọ̀...*

Tíṣà wà nídìí sítíárìn, ó ń yí kọ́kọ́rọ́, ó ń sunkún, ó ń yí kọ́kọ́rọ́. Ìyá náà wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, orí rẹ̀ ti fì sí ara ilẹ̀kùn.

"Áńbúláǹsì ní ojú ọ̀nà ń yọ̀, wọ́n ní ká dúró!" Tíṣà kígbe. "Wọ́n ní ká dúró!"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè. Sípánà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ lọ tààrà, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì.

"Ẹ yí kọ́kọ́rọ́!"

Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ó tó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó rí ojú Tíṣà láti àlàfo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ojú Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ni Tíṣà ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ jókòó sẹ́yìn, ó gbé orí ìyá náà lé itan. Ojú òsì ìyá náà là sílẹ̀, ó sì ń wò ó láìṣẹ́jú. Ó ń sọ fún un pé, "Màmá, a ti fẹ́ dé. A ti fẹ́ dé, Màmá." Tíṣà ló ń wa ọkọ̀. Títí tí wọ́n fi dé ọsibítù, ó ń wo dígí tó ń fi ẹ̀yìn hàn án.

---

Dókítà béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Tíṣà sọ fún un. Dókítà mi orí.

"Ẹ̀jẹ̀ ló dí lọ́pọlọ. Ká ní ẹ ti tètè gbé e dé..." Ó wo ojú Tíṣà, ó gbé ìyókù mì. "A máa ṣe ìwọ̀n tá a bá lè ṣe."

Wọ́n gbé ìyá lọ. Ó ku àwọn méjèèjì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan, lórí bẹ́ǹṣì tó tutù. Obìnrin kan ń nu ilẹ̀ ní ìpẹ̀kun rẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Ọ̀gá," Tíṣà pè é. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ ò wò ó lónìí."

"Kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì. Ẹ máa ń wò ó. Ẹ máa ń tẹ orí sí i, ẹ máa ń fọwọ́ kan ibí, ẹ máa ń fọwọ́ kan ọ̀hún, ẹ máa ń ní 'hùn-ún'. Lónìí ẹ ò wo ibì kankan. Ẹ kàn na ọwọ́ lọ síbẹ̀ ni."

"Ara ló ń kán mi. Màmá ni mo ń rò."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ ni?"

"Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ojú ti mọ́ ọn."

Tíṣà mi orí díẹ̀díẹ̀. "Mo ń kọ́ ọmọ, Ọ̀gá. Mo mọ ojú ọmọ tó ti rí ìdáhùn kí n tó béèrè ìbéèrè. Ta ló tú u?"

Obìnrin tó ń nu ilẹ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀. Omi ń kán nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, ibi tí sípánà ti bó o.

"Ta ló tú u?"

"Èmi ni."

Ó rò pé yóò pariwo. Kò pariwo.

"Ìgbà wo?"

"Sátidé."

"Ọkọ̀ yẹn ti sàn ní Sátidé."

"Kò sàn." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ báyìí, kò lè dá a dúró mọ́. "Kò sàn rí. Wáyà ni. Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀." Ó ti ọwọ́ bọ báàgì, ó fa wáyà tuntun náà jáde, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Ọ̀rá rẹ̀ ti gbó nínú báàgì.

Tíṣà wo wáyà náà títí bí ẹni ń wo òkú ejò.

"Kí ló dé?" ó béèrè.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, èyí tó fẹ́ sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ibi tó wá ti ẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù.

"Mo fẹ́ máa rí yín ni."

Tíṣà yíjú sí i. Àtìgbà tí wọ́n ti mọra, "ẹ" kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ rí bó bá ń bá ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ló kúrò.

"Ṣé o ò lè kan ilẹ̀kùn ni?"

Ó dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ gbà. Kò wẹ̀yìn mọ́.

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ mú wáyà, ó jáde lọ síbi tí ọkọ̀ wà. Nínú òtútù yẹn, ó yọ wáyà tó dípẹtà, ó fi tuntun sí i, ó fi aṣọ nu ojú ibi tí wọ́n ti pàdé títí ó fi ń dán. Kò tíì tún ọkọ̀ kan ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

---

Ìyá náà ò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀, lẹ́nu obìnrin tó máa ń ti fèrèsé síta pa ẹ̀fẹ̀. Tíṣà fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti máa tọ́jú rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù pé kí Ọwọ́ẹ̀rọ̀ má ṣe gun òkè yẹn mọ́.

Ó gbà. Ṣùgbọ́n ohun tó sá fún lórí òkè ti sọ̀kalẹ̀ wá bá a. Bí àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dún, *ọ̀-ùn* ló gbọ́. Bí oníbàárà bá ń wúkọ́, *ọ̀-ùn* ni. Bí ìkòkò omi bá fẹ́ hó, á sáré pa iná kó tó dé ibi tó ti máa ń kérora. Kò mu tíì mọ́. Ẹni bá gbé ọkọ̀ tí kì í jí nínú òtútù wá, á ní kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Èyí tó burú jù ni ìgbà táwọn èèyàn bá ń yìn ín. "Ọwọ́ẹ̀rọ̀! Ọwọ́ rẹ dára!" Á fi ọwọ́ náà pamọ́ sápò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ náà tu. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó jókòó sí iwájú rẹ̀. "Sọ ọ́." Ó sọ ọ́. Obìnrin náà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

"Wáyà tí mo fún ọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó wà nínú báàgì rẹ láti ìgbà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìyá náà mọ̀?"

"Mi ò rò pé ó mọ̀."

"Lọ sọ fún un."

"Tíṣà ní kí n má dé ibẹ̀ mọ́."

"Tíṣà nìkan kọ́ lo ṣẹ̀. Ẹni tó rọ, òun lo jẹ ní gbèsè ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá lé ọ, wọ́n lé ọ. Ṣáà lọ."

Oòrùn ń ràn lọ́jọ́ tó gun òkè. Tíṣà ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù, ọrùn aṣọ rẹ̀ ti tóbi fún un.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo fẹ́ fi ẹnu ara mi sọ fún Màmá."

Ó rò pé yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Tíṣà gbé orí ti férémù ilẹ̀kùn.

"Ó ń wá ọ," ó ní. "Bí alùpùpù kan bá kọjá nísàlẹ̀, á yí ojú sí fèrèsé. Mo ti fẹ́ sọ fún un, kò ṣe é sọ. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dákẹ́." Ó yà lójú ọ̀nà. "Wọlé. Má fi ẹyọ kan pamọ́ o."

Wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì sínú ilé ìdáná, sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Nígbà tí ìyá náà rí i, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ tàn. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e padà. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó sì sọ ọ́: wáyà, tíì, "ẹ jẹ́ ká máa wò ó", Sátidé, nọ́ọ̀tì. Ó sọ ti àwọn ọkọ̀ tó fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò bẹ̀bẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màmá, ẹ má bínú," ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kéré.

Ojú ìyá náà ò kúrò lára rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ò lè sọ ohun tó yí padà sí. Ó rántí ọ̀sán Sátidé náà, ojú yìí kan náà ní fèrèsé yìí, ife tó gbé sókè. Ṣé ó rí ohun tí ọwọ́ òun ń ṣe lọ́jọ́ náà? Ṣé ó mọ̀? Kò lè béèrè.

Ọwọ́ òsì ìyá náà yọ jáde lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì, ó sì di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kò mọ̀ pé agbára tó báyẹn ṣì wà níbẹ̀. Ìyá náà fà á mọ́ra díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ohùn kan jáde, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ sọ?" Tíṣà tẹ̀ sí i. "Ṣé kó lọ? Ṣé kó dúró? Màmá?"

Ohùn náà tún jáde. Ọwọ́ ò tú. Ó pẹ́ títí, oòrùn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbẹ̀yìn, Tíṣà ló ń ṣí ìka ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọkùnrin náà tó lè dìde.

---

Ìyá náà kú kí òtútù tó padà dé. Ojú oorun ló gbà lọ. Tíṣà kó kúrò lórí òkè, kò sì sọ ibi tó ń lọ fún ẹnikẹ́ni ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọwọ́ẹ̀rọ̀ ló gbọ́, òun ló sì wá sọ fún un lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tó ti ń fọ ọwọ́. Ó dúró tì í. Ìbéèrè kan wà tí kò tíì bi í látọjọ́ tó ti bọ̀ láti ọ̀hún.

"Lọ́jọ́ tó o lọ yẹn, kí ni ìyá náà ṣe?"

"Ó dì mí mú."

"Bí ẹni tó dárí jì ọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Bí ẹni tó ń bínú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó dì mí mú kí n má lọ. Ó sì lè jẹ́ bí èèyàn ṣe ń di olè mú ni. Mo ti rò ó títí. Kò sí ẹni tí mo lè bi."

"Èèyàn á mọ̀. Ọwọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Báwo ló ṣe dì ọ́ mú?"

Ọwọ́ẹ̀rọ̀ nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. Ó mú ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dì í mú gẹ́lẹ́ bí ìyá náà ṣe dì í. Obìnrin náà tẹ orí ba, ó ń wo ọwọ́ àbúrò rẹ̀ lára tirẹ̀, ó ń wá ohun tó wà níbẹ̀. Ó wò ó títí.

"Tú mi sílẹ̀, Àbúrò," ó ní nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ó ń dùn mí."